Ajá tí Ó Tẹ́tí sí Ìwo: Ìtàn Díẹ̀ nípa Yíya Àwòrán Ẹran Ọ̀sìn

Láàárín ọdún 1920 sí 1940, nígbà tí ẹ̀rọ giramafóònù ń wọ ilé àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀wé ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta, àwòrán ajá kan bá a wọlé. Ara ajá náà funfun, etí rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó jókòó níwájú ìwo idẹ ńlá kan, ó sì tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí ó ni ohùn náà. Àwọn tí ó rí i pọ̀, síbẹ̀ díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé kì í ṣe àmì tí oníṣòwò kan jókòó rò nínú ọkàn rẹ̀. Ajá tòótọ́ ni. Ó ní orúkọ, ó ní olúwa, ó sì ní ibojì.

Nipper ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní 1884, Mark Barraud ni ó sì kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tí Mark kú, ajá náà bọ́ sí ọwọ́ arákùnrin rẹ̀, Francis, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun àwòrán. Francis a máa rí i bí ajá náà ti ń dúró ti ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀, tí ó ń wá ibi tí ohùn ti ń jáde. Nipper kú ní 1895, a sì sin ín sí Kingston, lẹ́bàá odò Thames. Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́hìn ikú rẹ̀ kí Francis tó mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, tí ó kun àwòrán ajá tí kò sí mọ́. Kí òǹkàwé kíyè sí èyí: ajá kò sí níwájú rẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ ti kó pamọ́ nígbà tí ajá ń bẹ láàyè ni ó fi ṣiṣẹ́.

Ní 1899 ó tọ ilé iṣẹ́ Gramophone lọ láti yá ìwo idẹ, nítorí pé ìwo dúdú tí ó kùn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò ra àwòrán náà bí ó bá lè pa ẹ̀rọ àtijọ́ inú rẹ̀ rẹ́, kí ó sì fi ẹ̀rọ tiwọn rọ́pò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n san 50 pọ́n-ùn fún àwòrán, wọ́n sì san 50 pọ́n-ùn mìíràn fún ẹ̀tọ́ àtilò rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo àwòrán àkọ́kọ́ náà dáadáa yóò rí òjìji ẹ̀rọ àtijọ́ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ẹ̀rọ ni wọ́n pààrọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ajá. “Ohùn Ọ̀gá Rẹ̀” ni wọ́n sọ àwòrán náà, kí Francis Barraud sì tó kú ní 1924 ó ti kun ẹ̀dà 24 rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Eléyìí gbọ́ fèrè, kò sì tíì sọnù.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí agbo ìjọ. Ní 1922 ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone, èyí tí ó wà ní abẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà tí ó ra àwòrán Nipper. Orin ìyìn ní èdè Yorùbá ti ipasẹ̀ àwọn olúwa ajá yìí wọ ilé wa.

A ṣí ìtàn wa pẹ̀lú ajá yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a ń gbọ́ níhìn-ín ní Itele, ní ilẹ̀ Àwórì, lẹ́bàá Ọ̀tà. Oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí jẹ́ ní ìgbà àwọn baba wa. Nísinsìnyí ilé ti kún un láti ìhà Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì wà ní Sàngó àti ní Ọ̀tà. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ṣì ń sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà, adìẹ ṣì ń kó ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú ilé ìjọsìn, ajá sì ń bẹ lẹ́hìn gbogbo géètì. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a jókòó, a sì ya ajá ilé wọn sí ẹ̀hìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Olùkọ́ a rí i, a ní, “Ṣé ajá ni ìwọ yóò fi ṣe ìdánwò?” A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́ tí a bọ̀wọ̀ fún, a sì mọ̀ pé kò ní ìkà nínú. Ó ń bẹ̀rù pé ọmọ náà yóò fi àkókò ṣòfò. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ náà a fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, kì í sì í padà sí i mọ́. Bí ó bá di àgbà tán, a ní, “Èmi kò mọ àwòrán yà,” bí ẹni pé àrùn kan ni a fi bí i. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú àwọn ènìyàn tí ó ti fi yíya ẹran inú ilé sinmi rí, àti bí pẹ́ńsùlù ti ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Àwọn baba ńlá wa kò ní pẹ́ńsùlù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń sọ ajá. Ọmọ Yorùbá kì í sáábà sọ ajá rẹ̀ ní orúkọ lásán. Gbólóhùn odidi ni ó ń fún un, irú bí Tanímọ̀la tàbí Ìfura-loògùn-àgbà, kí aládùúgbò lè gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ nígbà tí a bá ń pe ajá wá jẹun. Àwọn ọdẹ ní tiwọn a máa sun ìjálá, nínú èyí tí wọ́n ti ń ki ẹranko láti orí títí dé ìrù. Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ nínú irú ìjálá bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1966. Ẹni tí ó bá fetí sí ọdẹ bí ó ti ń ki ẹranko yóò gbà pé ẹni tí kò bá wo ẹran fún wákàtí púpọ̀ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀, bí ó ti ń yí ọrùn, bí irun ẹ̀hìn rẹ̀ ti ń dìde. Àwòrán ni, àfi pé ẹnu ni a fi yà á.

Àwọn mìíràn fi ọwọ́ yà á. Ní 1969 ni Ekpo Eyo hú àwọn ohun amọ̀ jáde ní Láfogídò ní Ilé-Ifẹ̀, orí ẹranko sì wà nínú wọn, tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹni pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni wọ́n wọ̀. Ní Ọ̀tà tiwa, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lókìkí tipẹ́ nítorí agbè Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí wọ́n a máa gbẹ́ ẹyẹ àti ejò àti ẹranko sí orí rẹ̀. Àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún ọmọ aráyé ní 2008. Gbogbo Kristẹni kọ́ ni inú rẹ̀ dùn sí èyí, a kò sì ní jiyàn rẹ̀ níhìn-ín. Ọnà inú igi náà ni a ń sọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi agbè náà bọ.

Ṣùgbọ́n nítorí a ti dárúkọ rẹ̀, ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Nígbà tí CMS rán James White, ẹni tí ó ti Sàró wá, sí Ọ̀tà ní 1854, ìlú tí ó bá jẹ́ ìlú tí ère kún. Àwọn tí ó gba ìhìnrere lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé e ní láti fi ère sílẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn onígbàgbọ́ kan sì ti ń fura sí ohunkóhun tí ó bá jọ ẹranko tàbí ènìyàn. A ṣì ń bi wá léèrè ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀ pé, ṣé àwòrán ajá kò lòdì sí Òfin Kejì? Ìdáhùn wa kò gùn. Òfin náà kọ ìforíbalẹ̀ fún ohun tí a fi ọwọ́ ṣe. Nínú ìwé kan náà tí òfin náà wà, a kà nípa Bẹsalẹli, ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún fún iṣẹ́ ọnà. Nínú ìwé àwọn Ọba a sì kà pé màlúù idẹ méjìlá ni Sólómọ́nì ní kí wọ́n gbé agbada ńlá tẹ́ḿpìlì lé lórí. Ẹni tí ó dà màlúù wọ̀nyẹn ti ní láti wo màlúù. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí Nátánì fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì hàn án, àgùntàn kékeré kan tí ó ń jẹun nínú àwo olúwa rẹ̀ ni ó fi pa òwe. Bí ẹran ọ̀sìn kò bá jẹ́ nǹkan lójú ọba náà, òwe náà kì bá tí gún un lọ́kàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ga jùlọ nínú ìjọba ni a bá nídìí eré ìsinmi yìí. Ní 1840, ọdún tí Ayaba Victoria fẹ́ Prince Albert, àwọn méjèèjì kọ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sí ara abala bàbà tí a fi ìda bò, tí a sì ń da omi kíkan sí i kí ó lè jẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, kí a tó tẹ̀ ẹ́ sí ìwé. Edwin Landseer, olóòótọ́ ayàwòrán ẹranko, wà lára àwọn tí ó tọ́ wọn sọ́nà. Òun náà ni ó kun àwòrán Eos, ajá Albert, ní 1841, tí ó sì mọ àwọn kìnnìún idẹ ńlá tí ó wà ní Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1867. Àwòrán tí Ayaba àti ọkọ rẹ̀ ń hà kì í ṣe fún títà. Lẹ́hìn iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ń fi ṣe eré. Wọ́n ya àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì ya àwọn ajá wọn.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Wọ́n gbé àwọn abala bàbà náà fún atẹ̀wé kan ní Windsor kí ó bá wọn tẹ ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹnìkan nínú ilé ìtẹ̀wé náà yọ́ ẹ̀dà díẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀. Láti ọwọ́ sí ọwọ́, wọ́n dé ọ̀dọ̀ oníwèé kan tí ó ń jẹ́ Strange, ẹni tí ó pinnu láti pàtẹ wọn fún gbogbo ènìyàn, tí ó sì tẹ ìwé tí ó to orúkọ gbogbo àwòrán náà. Albert pè é lẹ́jọ́. Ní 1849 ni Adájọ́ Àgbà Cottenham dá ẹjọ́ náà pé ohun tí ènìyàn yà nínú ilé rẹ̀ fún ìgbádùn ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà, Prince Albert àti Strange, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àṣírí ilé ẹni bá délẹ̀. Àwòrán ọmọdé àti ti ajá ni ó fìdí òfin ńlá yìí múlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn yóò rántí pé ní 1849 kan náà ni ẹ̀bùn Ayaba dé Abẹ́òkúta. Ṣàgbúà ti kọ ìwé sí i ní 1848, Henry Townsend sì bá wọn gbé e lọ. Ìdáhùn tí ó wá ni Bíbélì láti ọ̀dọ̀ Ayaba, àti ọlọ tí a fi ń lọ àgbàdo láti ọ̀dọ̀ Albert. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa nípa Bíbélì náà láti ìran dé ìran. A kò rí i pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ọwọ́ tí ó fi Bíbélì ránṣẹ́ a máa fi ìrọ̀lẹ́ ya ajá.

Nísinsìnyí kí a padà sí ilẹ̀ wa, kí a sì sọ̀rọ̀ nípa Àìná Ọnàbólú, nítorí òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní 1882. Ní ìgbà èwe rẹ̀ kò sí olùkọ́ àwòrán kankan tí ó lè tọ̀ lọ. Ìwé àti ìwé ìròhìn tí ó ti òkè òkun wá ni ó ń ṣí, tí ó sì ń fara balẹ̀ da àwọn àwòrán inú wọn kọ. Nígbà tí ó dàgbà ó di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Èkó; ní ọ̀sán ó ń ka ìwé ẹrù àti owó, ní ìrọ̀lẹ́ ó ń yàwòrán. Fún ọdún púpọ̀ ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tí ó ń sanwó oṣù fún un nítorí rẹ̀. Ní 1906 ni ó kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, tí a ṣì ń tọ́ka sí títí di òní.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó dúró dè é lọ́nà. Ní àkókò náà àwọn òyìnbó kan gbà pé ọmọ aláwọ̀ dúdú kò lè ya ohun bí ó ti rí lójú. Wọ́n ní ère igi nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ère náà gan-an ni àwọn kan nínú wọn sì ń kó sínú iná. Bí Ọnàbólú bá ya ojú ènìyàn, tí ó sì jọ ẹni náà gẹ́lẹ́, kì í ṣe eré lásán mọ́, ẹ̀rí ni. Nítorí náà ni kò fi dúró sí orí akọ̀wé. Ní 1920 ó pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ ní Èkó, ó tẹ ìwé kékeré kan nípa iṣẹ́ ọnà, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Parísì pẹ̀lú, ní Académie Julian. Nígbà tí ó padà dé ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní King's College àti ní CMS Grammar School, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ jùlọ ni ìlànà bí ohun tí ó jìnnà ti í kéré lójú, tí èyí tí ó súnmọ́ a sì tóbi. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ẹ̀kọ́ náà di orúkọ àpèlé rẹ̀.

Ènìyàn ni Ọnàbólú ń yà jù, kì í ṣe ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ìlànà rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ kan tí ó dùbúlẹ̀, tí ó kọ imú sí wa. Imú rẹ̀ yóò tóbi, ara rẹ̀ yóò sì kúrú bí ẹni pé wọ́n tì í wọ inú ara rẹ̀. Ìrù rẹ̀ lè má hàn rárá. Ọmọ tí kò kọ́ ìlànà yìí yóò na ẹ̀hìn ewúrẹ́ náà gùn, yóò sì fi ìrù sí i, nítorí ó mọ̀ pé ewúrẹ́ ní ìrù. Ó ya ohun tí ó mọ̀. Kò ya ohun tí ó rí. Láàárín méjèèjì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ọnàbólú bẹ ìjọba pé òun nìkan kò lè kọ́ gbogbo àwọn ọmọ, kí wọ́n fi olùkọ́ mìíràn kún un. Ẹni tí wọ́n rán wá ní 1927 ni Kenneth Murray. Inú wa a máa dùn láti rò pé àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Murray kò fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ yìí máa farawé Yúróòpù. Ó fẹ́ kí wọ́n wo ọjà wọn, oko wọn, àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn, kí wọ́n sì ya ìwọ̀nyí bí ó ti wá sí wọn lọ́kàn. Ní 1937 ó pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, Ben Enwonwu sì wà nínú wọn. Lẹ́hìn náà ni ó yí gbogbo agbára rẹ̀ sí títọ́jú ohun àtijọ́ ilẹ̀ wa, títí tí ilé àkójọ ohun àtijọ́ fi ṣí ní Èkó ní 1957. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ó jàre nínú Ọnàbólú àti Murray. Ní tiwa, a rò pé òyìnbó náà jàre nípa ohun tí ó yẹ kí ọmọ máa wò, ọmọ Ìjẹ̀bú náà sì jàre nípa bí ó ti yẹ kí ó máa wò ó. Ó jẹ́ ohun àrà pé ẹni dúdú ni ó ń gbèjà ọ̀nà Yúróòpù, tí òyìnbó sì ń gbèjà ti Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti sọ fún pé kò lè ṣe nǹkan ni ó máa ń fẹ́ ṣe é jùlọ.

Ìjọ Àgùdà pàápàá ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí a má ṣe fi ìlara pa á mọ́. Láti 1947 ni àwọn bàbá wọn ti kó àwọn agbẹ́gilére jọ sí Ọyẹ́-Èkìtì, tí Fadá Kevin Carroll sì wà pẹ̀lú wọn. Níbẹ̀ ni Lámidì Fákẹ́yẹ ti bá George Bándélé ṣiṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì sí ara ilẹ̀kùn ìjọ ní ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà gbẹ́ igi.

A ti sọ pé Ọnàbólú bẹ̀rẹ̀ láti inú dída àwòrán inú ìwé kọ. Kò ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọmọ tiwa ní ọ̀nà mìíràn, síbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Nínú àwọn tí ó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ẹni mẹ́wàá nínú méjìlá ni ó lè ya kìnnìún, pẹ̀lú irun ọrùn rẹ̀ yíká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí i lára agolo àti lórí fóònù. Kò sí kìnnìún ní Itele. Nígbà tí a ní kí wọ́n ya ewúrẹ́ tí ó wà ní ẹ̀hìn wọn, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́hìn náà ni wọ́n ya kìnnìún tí ó ní ìwo.

Ìtàn kan wà tí ó bá èyí mu. Ní 1515 ni wọ́n gbé àgbáǹréré kan láti Íńdíà dé Lisbon, Albrecht Dürer, ará Jámánì, sì gbọ́ nípa rẹ̀. Kò fojú rí i; ìwé tí ẹnìkan kọ àti àwòrán kékeré tí wọ́n yà ni ó fi ṣiṣẹ́. Ó wọ ẹran náà ní ìhámọ́ra bí jagunjagun, ó sì fi ìwo kékeré kan tí kò sí níbẹ̀ sí ẹ̀hìn ọrùn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Yúróòpù fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àgbáǹréré rí. Ṣùgbọ́n Dürer kan náà, ní 1502, ti ya ehoro kan tí ó wà níwájú rẹ̀, tí irun ara rẹ̀ yàtọ̀ síra ní etí, ní àyà àti ní itan, tí ènìyàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹran náà fẹ́ sá. Ọwọ́ kan náà ni, ojú kan náà ni. Èkíní ni ó gbọ́ ìròhìn rẹ̀. Èkejì ni ó bá jókòó.

Ẹni tí yóò bá ẹran ilé rẹ̀ jókòó, ọ̀sán ni kí ó yàn, nígbà tí ẹran bá ti jẹun, tí oòrùn sì ti lé e wọ abẹ́ ìbòji. Kò nílò ohun púpọ̀: pẹ́ńsùlù kan, ìwé tí a ti lo ojú kan rẹ̀; bí kò bá sí èyí, eédú àti ara páálí. Àwọn baba wa lo síléètì àti ẹfun ìkọ̀wé. Rọ́bà ìparẹ́ ni a máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí ẹni tí ó ní in ń pa rẹ́ ju bí ó ti ń wò lọ. Kí ó kọ́kọ́ wo ẹran náà fún ìwọ̀n àkókò tí a fi ń ka Orin Dáfídì kan tí kò gùn, láìfọwọ́ kan ìwé. Irun kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ikùn rẹ̀ sì yọ, jọ igbá tí a dà délẹ̀. Ajá ilé, bí ó bá ká ara rẹ̀ jọ láti sùn, jọ òṣùká. Bí ìgbá àti òṣùká bá ti dúró dáadáa ní orí ìwé, etí àti ìrù yóò rí ibi tí wọ́n yóò wà.

Ojú ẹran ni ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jùlọ. Ẹyinjú ajá yípo bíi tiwa. Dúdú inú ẹyinjú ológbò a máa dúró gbọọrọ bí abẹ́rẹ́ ní ọ̀sán, a sì máa fẹ̀ ní alẹ́. Ti ewúrẹ́ a máa dùbúlẹ̀ ní ìbú bí ihò tí a ń gbà sọ owó sínú kóló. Gbogbo àwọn ọmọ wa ti bá ewúrẹ́ gbé láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́hìn ìyá wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti rí èyí rí kí ó tó mú pẹ́ńsùlù. Ọmọbìnrin kan sáré lọ bá ìyá rẹ̀ láti sọ fún un, ìyá náà sì wá wò ó.

Adìẹ ṣòro, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ó bá ń rìn, orí rẹ̀ a kọ́kọ́ lọ síwájú, a sì dúró jẹ́ẹ́ de ara rẹ̀ kí ó bá a. Ní ìdúró kékeré yẹn ni ojú lè mú un. Ẹni tí ó bá ń dúró de ìdúró yẹn kì í rántí ohun tí ó ń dà á láàmú. Àwa ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó múra ìdánwò títí orí fi ń fọ́ ọ, tí ó sì jókòó ti adìẹ fún ìdajì wákàtí, tí ó dìde pẹ̀lú ojú tí ó mọ́.

Bí ẹran bá sì dìde ńkọ́, tí àwòrán kò tíì parí? Yóò dìde. Ní Windsor, nínú àwọn ìwé tí ó jẹ́ ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala kan wà tí Leonardo da Vinci, ẹni tí ó kú ní 1519, kún fún àwòrán ológbò: òmíràn ń sùn, òmíràn ń jà, òmíràn ń la ara rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju ìlà díẹ̀ lọ. Ológbò yí padà, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín wọn ó ya dírágónì kan, bóyá nítorí pé gbogbo ológbò ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń ṣe nísinsìnyí: ìdajì ewúrẹ́ mẹ́fà ní ojú ìwé kan, orí méjì láìní ara, ẹsẹ̀ kan tí ó dá dúró, àti ní ìsàlẹ̀ orúkọ ẹran náà àti ọjọ́ tí wọ́n rí i. Àwọn kan lára ewúrẹ́ náà ni a pa ní Kérésìmesì tí ó kọjá. Ìwé wọn ṣì wà nínú àpótí ní yàrá ìmúra akọrin, a sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láyè láti wá wo ti tirẹ̀.